Ọdún Mẹ́rin Tí Mo Yọ Nínú Ọjọ́ Orí Rẹ

Ìta-Tuntun,
Lẹ́bàá Ìwó.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Àìṣát ọmọ mi, Àmọ̀kẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Pẹ́kàmù ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́? Hameedah ńkọ́, àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì? Ṣé òtútù ò mú yín jù? Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí o ń ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá Kámbáwẹ́lì yẹn, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o gbé àìsàn ẹlòmíràn wọlé o. Àwa náà wà, a ń dúpẹ́. Orúnkún ń dun ìyá rẹ, ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn ún rárá. Ewúrẹ́ wa bí méjì. Páànù ẹ̀yìn ilé ìdáná tí atẹ́gùn ṣí lọ́jọ́sí, a ti kàn án padà, ó kù díẹ̀ káàtó.

Wùmí ọmọ aládùúgbò wa, tó ń tajà ní ọjà Dẹ́tífọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, ni mo fi lẹ́tà yìí rán sí ọ. Ọjọ́ Àìkú ni yóò wọ bàálù. N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gba orí fóònù, nítorí Dáúdà àbúrò rẹ ló máa ń bá mi tẹ fóònù, ọ̀rọ̀ náà sì kan òun gan-an, wàá rí i bí o bá kà á dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, nítorí náà má wo bí àwọn ìlà ṣe ń wọ́.

O ní kí n fèsì kí oṣù yìí tó parí. O ní onílé yín ní Pẹ́kàmù fẹ́ ta ilé náà, ó ti fún yín lóṣù méjì kí ẹ kó jáde, iṣẹ́ sì ń dúró dè yín ní Ọsirélíà, ìwọ àtọkọ rẹ. O wá ní bí mo bá ní kí o má lọ, o ò ní lọ. Àìṣát, ẹrù wo lo gbé lé mi lórí yìí? Ọjọ́ tí o wí bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ti ń tutù mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìwé àdúgbò tí ẹ fẹ́ lọ máa gbé, èyí tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Dáúdà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ìwó, ó sì jókòó kà á fún mi ní Yorùbá láti òkè délẹ̀. Orúkọ àdúgbò náà kò ṣeé pè fún ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ ti lọ, nítorí náà Ibẹ̀ ni n ó máa pè é. Ohun àkọ́kọ́ tó kà ni pé ọjọ́ orí àwọn ará Ibẹ̀ jẹ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ó ní àárín ni wọ́n mú, pé àwọn kan wà lókè, àwọn kan wà nísàlẹ̀. Mo sọ fún un pé kò yé e. Bí ilé ìwé bá kọ ọ́ síta pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n fẹ́ gbà. Ìwọ sì ti pé márùndínlógójì. Àyà mi já. Mo rí i lójú ara mi bí ẹ ṣe kó ẹrù dé ẹnubodè wọn, tí wọ́n kó àwọn ọmọ wọlé, tí wọ́n ní kí ìwọ máa padà lọ. Ti ọkọ rẹ tó fẹ́ẹ̀ pé ogójì, n kò dá sí ìyẹn, ó ní bàbá tirẹ̀.

Wọ́n tún kọ ọ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, mẹ́fà péré ló ti lé ní márùndínláàádọ́rin. Mo bi Dáúdà pé àwọn yòókù dà. Ó ní wọn ò sí. Mo ní mo gbọ́ pé wọn ò sí, kí ló pa wọ́n? Ó ní kò sóhun tó pa ẹnikẹ́ni, pé àdúgbò tuntun ni, àwọn tó ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́ ló kún ibẹ̀. Ibi ìṣeré ọmọdé mẹ́sàn-án ni wọ́n kà sílẹ̀, ilé ìwé mẹ́rin, wọn ò dárúkọ itẹ́ òkú kan ṣoṣo. Bí tọkọtaya bá jà ní Ibẹ̀, ta ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ lọ bá?

Wọ́n ní ènìyàn mẹ́ta àti díẹ̀ ló ń gbé inú ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin márùn-ún ńkọ́? Mo rò ó títí, mo gbà pé bí wọ́n bá ka àbíkẹ́yìn rẹ sí díẹ̀, ó ṣì ku ẹnì kan, kí ẹ tètè bá ìjọba Ibẹ̀ sọ ọ́.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ti ilé títà. Wọ́n ní ilé kì í pé ju ọjọ́ mọ́kànlélógún lọ lọ́jà kí wọ́n tó rà á. Ọmọ mi, níbo ni wọ́n ti ń ta ilé báyìí bí ẹní ta tòmátì tó fẹ́ bàjẹ́? Ilé tó yá tà, ẹjọ́ ló wà nínú rẹ̀. Mo wo gbogbo àwòrán tó wà nínú ìwé náà dáadáa pẹ̀lú awò mi, n kò rí ẹyọ ilé kan tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ṣé wọn ò ní mọ̀lẹ́bí ni? Ọkùnrin tó ń ta àwọn ilé náà wá ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán, gbogbo eyín rẹ̀ ló wà níta. Ẹni tó ń ta ilé bàbá rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ bóyá wọ́n gbọ́ sí i.

Ìyá rẹ ní kí n kọ tòun náà. Fídíò ilé tí o fi hàn wá, tí kámẹ́rà ń wọ yàrá dé yàrá, ìyá rẹ bọ́ bàtà kó tó wò ó. Nígbà tó wọ pálọ̀, ó ní ẹ kú ilé o. Ó wí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ní ilé náà mọ́, yàrá mẹ́rin dára, ṣùgbọ́n ibi tí a kí tí kò sẹ́ni tó jẹ́ni lóhùn, òun ò fọkàn tán an.

Gbogbo èyí ni mo kó jọ sínú, mo ti mú bírò, mo fẹ́ kọ ọ́ pé kí o má lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Wùmí wá kí wa. O máa ń sọ fún mi lórí fóònù pé ilé yín dára, kò sí wàhálà. Wùmí ò mọ̀ pé o ò tíì sọ fún mi. Ó ní yàrá kan ni àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sùn, pé ògiri rẹ̀ dúdú fún ọ̀rinrin, o ń nù ún, ó ń padà, àti pé Hameedah ń wúkọ́ láti ìgbà òtútù. Ó ní ẹ ti kọ orúkọ sílẹ̀ fún ilé ìjọba lọ́dọ̀ kánsù láti ọdún mẹ́fà, ó sì ku ogunlọ́gọ̀ ènìyàn níwájú yín. Àìṣát, èéṣe tí o fi ń pa á mọ́ fún mi? Ó dùn mí. Ṣé torí kí n má baà ronú ni? Mo ti ń ronú tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí mo gbọ́ ti ikọ́ ọmọ náà, mo gbàgbé itẹ́ òkú, mo gbàgbé ọkùnrin tó ń ta ilé tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ku ọ̀ràn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ní ìyẹn ò tó nǹkan, bàbá rẹ ṣì wà láyé. Láàárọ̀ Ọjọ́rú mo lọ sí kóòtù ní Ìwó, mo lọ búra fún ọjọ́ orí rẹ. Mo yọ ọdún mẹ́rin kúrò. O di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n géérégé, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ pupa lé e.

Dáúdà ka ìwé náà nírọ̀lẹ́, ó wá ní ṣé mo mọ̀ pé mo ti sọ òun di ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo ṣírò rẹ̀. Òótọ́ ni. Òun jẹ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Gẹ́gẹ́ bí ìwé kóòtù, ọmọ ọdún méjìlá lo ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Lálẹ́ ọjọ́ náà òun ló kọ́kọ́ mú ẹran nínú abọ́, ó ní bí o bá pe fóònù, kí o máa fi ẹ kí òun.

Ìyẹn kọ́ ló wá ń dà mí láàmú. Kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀, akọ̀wé kóòtù, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan, bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún tí wọ́n bí ọmọ yìí, tí mo fi mọ̀ ọ́n dájú. Mo wá inú mi fún ọdún tí mo gbé ọ lé, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Lọ́dún yẹn o ti ń lọ sí ilé kéú. Ẹnu mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọdún rẹ gan-an.

Mo sọ fún un pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo kúrò ní agbo ilé bàbá mi, tí àwa ìdílé mọ́kànlá wá ṣán igbó níbí, a sọ ọ́ ní Ìta-Tuntun. Kò sẹ́ni tó pé ogójì nínú wa. Ọmọ wẹ́wẹ́ níbí, oyún lọ́hùn-ún. Òjò ń rọ̀, páànù mẹ́fà péré ni mo tíì kàn, abẹ́ páànù mẹ́fà náà ni ìyá rẹ bí ọ sí. Ìwọ ni ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí sí àdúgbò yìí. Akọ̀wé náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní ìtàn mi dùn, ṣùgbọ́n bí òun ṣe fi ọjọ́ orí mi ṣírò rẹ̀, ìtàn náà fi ọdún mẹ́rin ju ti inú ìwé lọ. Ó lu òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣá, torí a ti kọ ọ́ tán.

Ohun tí n kò sọ fún un ni n ó sọ fún ọ, n kò sọ ọ́ rí. Bàbá mi ò wá síbi ìsọmọlórúkọ rẹ. Ó ní ibi tí kò sí arúgbó kì í ṣe ilé, àgọ́ ni. Mo gbé àga rẹ̀ síwájú, a gbàdúrà, a jẹ, a mu, àga náà ṣófo títí a fi ká ẹní. Ìgbà tí o ti ń rìn ló tó wá. O rìn lọ bá a, o di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Kò padà sí agbo ilé rẹ̀ mọ́. Òun ni arúgbó àkọ́kọ́ wa, sàréè rẹ̀ sì ni àkọ́kọ́ ní Ìta-Tuntun. Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, ó pè mí, ó ní: “Yẹ̀kínì, mo jẹ́ kí àga yẹn ṣófo. Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ tìrẹ.”

Lánàá, mo mú ìwé, mo ka àdúgbò wa bí wọ́n ṣe ka Ibẹ̀. Ilé mẹ́rìnlá, ènìyàn mẹ́tàlélógún. Dáúdà fi fóònù ṣírò rẹ̀, ó ní ọjọ́ orí Ìta-Tuntun jẹ́ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, pé ènìyàn kan àti díẹ̀ ló ń gbé inú ilé kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ ní èmi ni díẹ̀ náà. Ilé márùn-ún ló wà ní títì, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri wọn pé kì í ṣe títà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Àìṣát, àwọn tó ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́ lọ́jọ́un nìyí. Àwa náà ni. Kò sẹ́ni tó kó arúgbó wá fún wa, ibí la ti hewú.

Ó yé mi wàyí. N kò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀rù ń bà mí. Láti Lọ́ńdọ̀nù, o máa ń wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Láti Ibẹ̀, n kò mọ̀. Mo ti pé mẹ́rìndínláàádọ́rin, ó ṣeé ṣe kí n má tún fojú kàn ọ́. Ṣùgbọ́n àga tèmi ò ní ṣófo. Ọjọ́ tí ẹ bá wọ ilé náà, pe fóònù, ìyá rẹ yóò tún kí yín kú ilé, kí ẹ jẹ́ ẹ lóhùn, gbogbo yín.

Ìmáàmù ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún ìbúra èké tí mo bú. Mo bẹ̀rẹ̀ lánàá, ọ̀la ni yóò pé. Ó ní n ó tún padà sí kóòtù lọ tún un bú. Nítorí náà bá mi fi owó kóòtù ránṣẹ́, àti owó ọkọ̀ Ìwó, àti ti òróró tí ìyá rẹ fi ń ra orúnkún. N kò béèrè ju ìyẹn lọ lóṣù yìí, kó ìyókù mọ́ owó ilé.

Lọ, Àìṣát. Mo fọwọ́ sí i. Ọlọ́run yóò ṣọ́ yín lójú òfuurufú. Ikọ́ Hameedah yóò lọ. Ilé náà yóò gbà yín, ẹjọ́ ò ní sí nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ yín yóò ṣeré dàgbà ní Ibẹ̀. Ìwọ náà yóò gbó, wàá tọ́, orí rẹ yóò funfun báláú, àwọn tó ń jà yóò máa gbé ẹjọ́ wá bá ọ, ìwọ ni wàá di arúgbó tí àdúgbò yẹn ò ní. Má sì gbàgbé owó kóòtù. Ẹni tó fẹ́ darúgbó kò gbọdọ̀ fi ọdún mẹ́rin sílẹ̀ ní Ìwó.

Èmi ni bàbá rẹ,
Yẹ̀kínì.