Ọjọ́ tí Àbúrò Yín Gbèjà Hameedah

Ẹ̀gbọ́n wa Àlàájì,

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ bá wa kí Màmá àti gbogbo ará ilé ní Ìwó. Ara wa le ní Peckham. Orúnkún tó ń dun àbúrò yín náà ti fúyẹ́.

Ẹ rántí pé ẹ̀yin àti òun lẹ ní kí Hameedah ọmọ wa fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ní Sátidé, mo fẹ̀sọ̀ mú un lọ wo eré kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn. Wọ́n na ẹgbẹ́ Hameedah ní méjì sí òdo. Bí a ṣe ń jáde, àwọn òbí kan ń sọ pé ọmọ oníhìjáábù tó wà lẹ́yìn ló ba eré jẹ́. Wọn ò mọ̀ pé àwa la bí i.

Àbúrò yín yíjú sí wọn. Ó ní, "Kóòṣì ni kò tò wọ́n dáadáa! Ọmọ tó mọ eré sá tó yẹn, ṣé ẹ̀yìn ló yẹ kó wà? Èmi ni bàbá rẹ̀."

Hameedah gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn wa, ló bá bú sẹ́kún.

Ojú ń ti àbúrò yín láti sọ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá pè, ẹ yọ̀ǹda ọmọ náà fún wa. Ọlọ́run á dá yín sí. Ẹ fi àdúrà ràn án lọ́wọ́: kóòṣì ti ní iwájú lòun máa fi í sí ní Sátidé tó ń bọ̀.

Ìyàwó yín,
Àìṣát