Bàbá Mọ́ṣádé, Àwọn Ọmọdé Ti Gbàgbé Yín

Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, Bàbá wa, Wàhábì Odùlàjà, tí gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ń pè ní Bàbá Mọ́ṣádé. Ọdún mẹ́ta! Àwọn ẹlòmíì a máa sọ nípa òkú wọn pé ó dà bí àná. Kò dà bí àná lójú tiwa. Ó gùn. Ó gùn bí ọ̀nà lójú ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Èmi Ameenat, àkọ́bí yín, ni mo ń sọ̀rọ̀ lórúkọ Ìyá wa àti àwọn àbúrò mi. Wọ́n ní kí n sọ ọ̀rọ̀ tó tutù. Mo gbìyànjú. Kò tutù.

Ẹ ò rí èrò tó wá síbi fídàú yín. Lóyà wá, dókítà wá, àwọn ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ wá láti Èkó. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ìwé aláwòrán yín làwọn fi mọ Yorùbá kà. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ó ní bí ìwé Mọ́ṣádé bá jáde lóṣù, òun kì í lè jẹun àárọ̀ àfi tí òun bá mọ olè tó máa mú. Àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, wọ́n tẹ orí ba fóònù. Ìyá wa fún wọn ní ìwé yín kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èrò tú ká, a bá àwọn ìwé náà lórí àga. Wọ́n ti gbé abọ́ ìrẹsì lé wọn lórí. Òróró ti bo Mọ́ṣádé lójú.

Mọ́ṣádé Atojúbọ̀! Ọmọbìnrin kékeré onírun dídì, tí ojú rẹ̀ kì í gbé ibì kan, tó ń tú àṣírí àwọn tó ń jí ewúrẹ́ gbé àti àwọn tó ń po omi mọ́ epo. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ yín yà á. Ẹ̀yin lẹ fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ̀yin náà lẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, tí ẹ sì ń gbé e kiri láti Òkè-Ajé títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí àwọn ọmọ á ti tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹni tí kò lówó a bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kà á. Orí mẹ́rin lórí ìwé kan! Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa jà nítorí ẹni tó máa ṣí ojú ewé.

Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Tẹlifíṣọ̀n mú díẹ̀ lára wọn lọ. Fóònù wá kó ìyókù. Àwa ọmọ yín bẹ̀ yín pé kí ẹ sinmi, ẹ ní ẹni tí a kò tíì bí ń bọ̀ wá kà á.

Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ ìparí ọdún ní ilé-ìwé kan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ẹ gbé Mọ́ṣádé tuntun lọ síbẹ̀. Ẹ jókòó sábẹ́ igi láti àárọ̀. Àwọn òbí ń ra bàlóònù, wọ́n ń ra áísìkiriìmù, wọ́n ń ya fọ́tò. Wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá bí ẹni tó gba ẹ̀gbẹ́ òpó iná kọjá. Nígbà tó di ọ̀sán, ìyáàfin tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé náà wá bá yín. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú o. Yorùbá yìí ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ wa jẹ́. Bí ẹ bá lè sọ ọ́ di fídíò, ká máa wò ó lórí fóònù, a lè gbà á.”

Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ dúpẹ́! Ẹ di ìwé yín, ẹ gun ọ̀kadà. Òjò bá yín lọ́nà, ẹ bọ́ agbádá yín, ẹ fi wé ìwé. Ìwé dé ilé láìtutù, ẹ̀yin ni ẹ tutù rinrin. Ẹ rọ́ ọ fún Ìyá wa, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú yín kò bá ẹnu yín rẹ́rìn-ín. Ikọ́ wọ̀ yín láyà láti ọjọ́ náà, kò sì jáde mọ́. Dókítà ní òtútù ló mú yín ní ẹ̀dọ̀fóró. Títí dòní, Ìyá wa ní òjò kọ́ ló pa yín.

Ẹ gbọ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà náà. Rahmah, àbíkẹ́yìn yín, ti wọ yunifásítì. Ilé tí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́nà Ìbàdàn ti parí, ó ti ní òrùlé, ó ti ní fèrèsé, Ìyá wa ti ń gbé ibẹ̀. Zakariyah, ọmọkùnrin yín, ló parí rẹ̀, mo sì fẹ́ yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí owó náà ti wá. Ó ti sọ ṣọ́ọ̀bù yín di ilé géèmù.

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá wa, ilé géèmù! Ògiri tí a ń so Mọ́ṣádé kọ́ ni wọ́n kan tẹlifíṣọ̀n ńlá ńlá mọ́. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìnkùlé. Àwọn ọmọ kún ibẹ̀ bámúbámú, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń yìnbọn inú ẹ̀rọ. Mo lọ bá a, mo bú u lójú wọn. Mo ní ó ti ta Bàbá wa. Kò gbé ohùn sókè sí mi. Ó kàn ní, “Àǹtí Ameenat, ìwé Bàbá kò bọ́ wa. Ẹ bi Màámi, ta ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn?”

Òótọ́ ni, ó sì korò.

Èmi náà ńkọ́? Mo gbé ìwé yín fún Usamah, ọmọ mi, ọmọ-ọmọ yín. Ó ka ọ̀rọ̀ Mọ́ṣádé bí ẹni tó ń ka orúkọ oògùn lára páálí. Kò rẹ́rìn-ín níbi tí gbogbo wa ti máa ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Grandpa gbìyànjú o,” ó sì na ọwọ́ gba fóònù mi. Ẹ̀jẹ̀ yín, Bàbá wa! Ẹ̀jẹ̀ yín!

Ìwé tí ẹ gbé lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni ìgbẹ̀yìn. Nínú rẹ̀, wọ́n ti Mọ́ṣádé mọ́ inú àká kan. Ilẹ̀ ṣú, ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan, ìlẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ibẹ̀ lẹ dúró sí. Ẹ ní ó di oṣù tó ń bọ̀.

Láyé àtijọ́, ìgbà tí ibà dá yín dúbúlẹ̀ tí Mọ́ṣádé pẹ́, àwọn ọmọ wá sílé wa. Wọ́n kó ọsàn wá kí ara yín lè yá kíá, kí ẹ lè dìde yàwòrán. Lọ́tẹ̀ yìí, a retí wọn. Lẹ́yìn fídàú, a retí wọn. Ọdún yí, ó tún yí. Kò sí ọmọ kan ṣoṣo ní gbogbo ìlú tó kanlẹ̀kùn wa pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí Mọ́ṣádé. Ó wà nínú òkùnkùn, kò sí ẹni tó wá a. Ìyẹn ló dùn mí ju ikú yín lọ.

Láàárọ̀ yìí, a ṣe àdúà yín tán. Ẹ mọ̀ pé Ìyá wa, Kúbúrátù yín, kò kàwé. Ẹ̀yin lẹ máa ń ka Mọ́ṣádé sí i létí kí ẹ tó gbé e fún atẹ̀wé. Lójijì ó ní, “Ameenat, ta ló ṣí ìlẹ̀kùn fún ọmọ yẹn?” Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní òun bi yín lórí àìsàn, ẹ di ọwọ́ òun mú, ẹ sì kọ̀, ẹ ní kí òun máa retí bí àwọn ọmọdé ṣe ń retí.

Ó ṣì ń retí, Bàbá wa. Ọlọ́hun yóò fún yín ní ìmọ́lẹ̀ níbi tí ẹ wà. Inú ń bí wa sí ìlú yìí, ó sì ń bí wa pé ẹ lọ. Àárò yín ń sọ wá, a fẹ́ràn yín, a ò sì tíì mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn náà.