Àmín Ò Bomi Rin Oko

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Karùn-ún 2025
Ọ̀gá Oko dé láti Lálúpọn — Yẹ̀kínì, ẹ̀gbọ́n mi. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Ọ̀gá Oko. Òjò rọ̀ díẹ̀ loṣù tó kọjá, ó dá. Àgbàdo ti ń ká ewé jọ. Ó ti pẹ́ tí kò ti sun igbó mọ́. Koríko ló fi ń bo ilẹ̀, abẹ́ àwọn igi irú tí Bàbá wa fi sílẹ̀ ló ń gbin ẹ̀gẹ́ sí. Ilẹ̀ náà ti ń jí. Omi ló kù. Ẹ̀rọ sólà tó lè fa omi odò wá ló ń wá, torí bẹntiróòlù ti ga ju agbára rẹ̀ lọ. Mo ní ká ní kí aráyé dáwó lórí fóònù. Ó ní, ṣé ká wá máa ṣagbe ni. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà.

Ọjọ́rú, 7
Blessing, tó ń tún fóònù ṣe ní Mọ́lété, tí a jọ ń gbé ilé kan náà, ló bá wa ya fídíò lóko. Ọ̀gá Oko ò mọ ibi tí yóò fojú sí. Ìgbà tó ká koríko kúrò nílẹ̀, tó fi ekòló hàn wá, ló tó rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀! Mo ti gbàgbé.

Jímọ̀, 9
Gbogbo Ìsàlẹ̀ Òsì, àdúgbò wa, ti wò ó. Àmín, àmín, àmín ni wọ́n ń kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ló dáwó — èmi.

Ìṣẹ́gun, 13
Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé ọmọ yàhúù ni wá.
Mo lọ bá Màmá Edith ní ilé kejì. Òun ló máa ń ṣáájú bí àdúgbò bá fẹ́ dáwó. Ó jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó wá sọ pé òun náà ti dáwó lé oko orí fóònù rí, wọ́n ṣèlérí èrè. Oko ò sí, àwọn olóko sì pòórá. Owó ilé-ẹ̀kọ́ Edith ni.
"Wàlí, mi ò pe ẹ̀gbọ́n rẹ lólè," ló wí. "Ibi tí mo fi ń gba irú ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ ló ti kú."


Àbámẹ́ta, 17
Òjò ò rọ̀.

Àìkú, 18
Àsàlátù ní Bẹẹrẹ. Wọ́n gbà mí láàyè kí n tọrọ ìrànwọ́. Ìyá kan béèrè ẹni tó ń ṣàìsàn. Mo ní ilẹ̀ ni, oòrùn ló ń pa á. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ṣàdúà fún wa. Lẹ́yìn náà wọ́n dáwó fún obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún — kíá, igbá kún. Èmi náà fi sí i. Ara obìnrin náà ò yá lóòótọ́, ta ni mo fẹ́ bínú sí?

Jímọ̀, 23
Mo lọ sóko. Àgbàdo ti gbẹ lórí ìdúró. Ọ̀gá Oko jókòó sábẹ́ igi irú kan. Ó ní àwọn eléèédú ti wá bẹ igi náà wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fẹ́ gé e, òun lé wọn. Mo ní ó káre. Kò wojú mi.
"Mo ti ní kí wọ́n padà wá," ló wí. "Àwọn ọmọ ò lè jẹ ìbòòji."
Mo sunkún. Òun ò sunkún.

Àìkú, 1 oṣù Kẹfà
Òjò láti àárọ̀. Mi ò jáde.

Ọjọ́bọ̀, 5
Iléyá dọ̀la. Ọ̀gá Oko já àwọn àpò èédú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní kí n bá òun tà á, ó bá ọkọ̀ padà. Kò ì tí ì tó àkókò Àsárì tó fi tán. Gbogbo wọn ló wá, àwọn tó wo fídíò náà, ẹni tó fẹ́ sun ẹran, ẹni tó fẹ́ din. Wọ́n ń bẹ̀ mí pé kó má tán kó tó kan àwọn. Màmá Edith náà rà. Ó ní èédú gidi ni, kì í rú èéfín. Kò sẹ́ni tó béèrè igi tó jẹ́.
Mo gbá èyí tó fọ́ sílẹ̀ jọ, mo fi dáná alẹ́. Ó jó dáadáa.