Bí Ànísà Ṣe Gbà Wá Lọ́wọ́ Ọkọ̀ Abobo

Williamsville, Abidjan.

Sàlíhà ọmọ mi,

Mo kí ọ títí, mo kí bàbá Ànísà náà. Ṣé ara yín le, ṣé ooru Ìbàdàn ò pọ̀ jù? Ọlọ́hun á máa ṣọ́ yín ní àlọ àti àbọ̀, ẹ ò ní rí ogun ọ̀nà. Àwa náà wà dáadáa níbí, àfi ẹ̀fọn Abidjan tí kò mọ̀ pé àlejò ni wá. Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi fóònù tí o rà fún mi pè ọ́. Ọmọ mi, obìnrin kan wà nínú fóònù náà. Tísà Bàsìt, tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé Ìgbòho ní Faransé, tó kó wọn wá fi kọ́ra fún ọ̀sẹ̀ kan níbí, ló fi hàn mí. Ó sọ Yorùbá sí i, obìnrin náà fi Faransé sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́, mo bi í pé ọmọ ta ni, ó kàn ń tún ọ̀rọ̀ mi sọ ní Faransé, kò dárúkọ bàbá rẹ̀. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni màá máa sọ ọ̀rọ̀ ilé wa létí rẹ̀?

O ní kí Ànísà má bá wọn wá, pé ọmọ tó ń kólòlò nílé, wọn yóò kàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nílùú onílùú ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti wá máa dáná fún wọn, kí n lè máa ṣọ́ ọ. Ọjọ́ tí a dé, mo rí pátákó níwájú ilé oúnjẹ, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i, ó ní àtíkè. Mo figbe ta pé kò sọ́mọ tó máa jẹ àtíkè níbi tí mo bá wà, pé ojú ni wọ́n ń fi í kùn. Àṣé gbáàgúdá ni, wọ́n rin ín bíi gàrí, wọ́n fi ooru omi sè é, wọ́n kó ẹja díndín lé e. Mo jẹ àwo méjì.

Èdè wọn náà ò le bí wọ́n ṣe ń sọ. Bí wọ́n bá rí ọ láàárọ̀, wọ́n á fi "sá wá" kí ọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Màdáàmù Simone, olùkọ́ wọn níbí, sọ ọ́ fún mi, mo sáré lọ bá a, ló bá fò sẹ́yìn. Bí o bá sì bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á ní "wí", ni mo bá máa ń tún un wí. Èmi náà ti kọ́ ọ: tí mi ò bá gbọ́ ohun tí èèyàn sọ, màá ní "wí".

Lọ́jọ́rú, Tísà Bàsìt kó wa lọ sí ọjà Adjamé kí àwọn ọmọ lè fi Faransé nájà. Èrò ọjà yẹn, bí o bá da gbogbo Ìgbòho sí i, o ò ní rí wa mọ́. Kò pẹ́ tí èmi àti Ànísà fi wá àwọn yòókù tì. Ni mo bá gbọ́ ọmọkùnrin kan tó rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà gbàkà, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré wọn, ó ń ké "Abọ̀bọ̀! Abọ̀bọ̀!" Mo ní ọkọ̀ àwọn tó ń bọ̀ wálé nìyí. Mo fa Ànísà wọlé. Ó di aṣọ mi mú, ó ń ṣe mà-mà-mà, mo ní mo ti gbọ́, kó jókòó. Kó tó dé orí ohun tó fẹ́ sọ, ọkọ̀ ti gbéra.

Àṣé àdúgbò kan ló ń jẹ́ Abobo! Ọmọkùnrin yẹn bi mí ní nǹkan, mo ní "wí". Ó tún bi mí, mo tún ní "wí". Inú rẹ̀ dùn, ó gba owó. Ìgbà tó yá ni Tísà tó sọ fún mi pé "bẹ́ẹ̀ ni" ni wí, pé bóyá òpin ọ̀nà ni mò ń lọ ló ń béèrè. A lọ, a lọ, mi ò rí ilé kan tí mo mọ̀. Mo yọ fóònù pé kí obìnrin náà bá mi bẹ̀ wọ́n, ojú rẹ̀ ti dúdú, ó ti sùn. Mo bú sẹ́kún, mo ń ké Yorùbá, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ni Ànísà bá dìde. Sàlíhà, ọmọ rẹ la ẹnu, Faransé ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ! Kò kólòlò rárá. Ó nawọ́ sí mi, ó nawọ́ sẹ́yìn, mo gbọ́ Williamsville, mo gbọ́ Simone. Gbogbo èrò ọkọ̀ kọjú sí i. Kò sẹ́ni tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe nílé, torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ. Awakọ̀ dúró, ọmọkùnrin yẹn mú wa sọdá títì, ó fi wá sínú ọkọ̀ mìíràn, ó sì dá owó mi padà. Nígbà tí Tísà Bàsìt fi ariwo wá wa délé, ohùn rẹ̀ ti há, èmi ti gbé ọbẹ̀ kaná.

Láti ìgbà náà, Ànísà ò dákẹ́ mọ́. Ó ń fi Faransé bá ìyá olómi sọ̀rọ̀, ó ń fi í bá ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé sọ̀rọ̀. Màdáàmù Simone ní Ànísà ni yóò ṣojú gbogbo wọn sọ̀rọ̀ ìdágbére lọ́la. Mi ò ní purọ́ fún ọ, tó bá yí sí Yorùbá, òlòlò náà ṣì wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ bo ẹnu mọ́.

Jọ̀wọ́, fowó ránṣẹ́ sí mi ní Ìgbòho, torí gbogbo tọwọ́ mi ni mo fi ra àtíkè jíjẹ yẹn bọ̀. Má ṣe fi gba inú ògiri báńkì o. Mo rí ọ̀kan níbí, wọ́n ń tẹ ẹ́ níkùn, ó ń pọ owó; ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri náà ò mọ̀ mí rí. Awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Ìgbòho ni kó o fún.

Bí a bá délé, Ànísà fẹ́ fúnra rẹ̀ pè ọ́, kó fi Yorùbá ròyìn Abidjan fún ọ látìbẹ̀rẹ̀. Yóò pẹ́. Sọ ọbẹ̀ rẹ kalẹ̀ lórí iná kó o tó gbé fóònù, má sì bá a parí ọ̀rọ̀ kankan. Ọlọ́hun yóò jẹ́ kí etí rẹ gbọ́ ọ dópin, yóò jẹ́ kí ohùn ọmọ náà dé ibi tí ẹsẹ̀ tiwa ò dé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àlàkẹ́.