Imú Tí Kò Gbọ́ Òbúkọ Mọ́

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Karùn-ún, 1992
Òbúkọ dé láti òkè òkun — ìgò èròjà olóòórùn kan tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Imí-ọjọ́ inú rẹ̀ ló ń mú un rùn bí ìtọ̀ ológbò. Ṣùgbọ́n fi ọtí là á, là á, là á, kán ẹ̀kán kan sínú ọṣẹ: máńgòrò pípọ́n ni gbogbo ayé máa gbọ́. Mo ṣàlàyé fún Àlàájì Kàsúmù tó ni ilé-iṣẹ́ ọṣẹ wa, níbi tí èmi, dókítà kẹ́mísírì, ti ń po òórùn ọṣẹ. Ó di imú. "Dókítà, ṣé kí wọ́n fi wẹ̀ ni, àbí kí wọ́n fi lé ejò?"

Ọjọ́bọ̀, 7
Òórùn rẹ̀ kò jáde tó. Mo fi kún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Mo tún fi kún un. Láníyì, ọkọ mi, dé láti Uso níbi tó ti ń ṣe tíṣà. Orí àga pálọ̀ ló sùn. Ó ní ooru ń mú òun. Ooru wo? Òjò rọ̀ títí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Mo gbé ìgò símú, mo fà á. Òfìfo. Kanáfùrù, mo gbọ́. Efinrin, mo gbọ́. Òbúkọ nìkan ni mi ò gbọ́. Wọ́n kọ́ wa: òórùn tó bá pẹ́ jù nímú, imú a kọtí ikún sí i. Ó máa ń padà. Nígbà míì kì í padà.
Wọ́n sì ti da gbogbo ọṣẹ náà tán. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ajé, níwájú oníbàárà tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Ilé-iṣẹ́ ló ni ilé tí à ń gbé. Nítorí imú mi ni wọ́n ṣe fún wa nílé náà.

Ọjọ́bọ̀, 14
Sàlímọ́tù tó ń gé ọṣẹ: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ láti ọ̀ọ́kán." Mo bú u.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16
Mo fẹ́ dáná. Ìṣáná ti wà lọ́wọ́ mi. Láníyì kígbe láti ẹnu ilẹ̀kùn: "Fúnkẹ́, má ṣá a! Gáàsì ń jò!" Ó sáré wọlé, ó pa sílíńdà, ó ṣí gbogbo fèrèsé. Ìbátan Òbúkọ ni wọ́n máa ń fi sínú gáàsì kí èèyàn lè tètè fura. Mo lè ṣàlàyé rẹ̀ fún odidi kíláàsì — mo sì dúró láàárín gáàsì náà.
"O ò gbọ́ ọ ni?"
"Mi ò gbọ́."
Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo rò pé o mọ̀ bí o ṣe ń rùn. Mo rò pé o ò fẹ́ kí n sún mọ́ ẹ ni."
Ó ní kí n sọ fún Àlàájì, bí ilé bá máa lọ, kó lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 17
Mo sọ fún Àlàájì pé imú mi kò gbọ́ Òbúkọ mọ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò wo inú imú yín? Ohùn yín ni wọ́n ń dúró dè. Bí ẹ kò bá lè sọ pé ọṣẹ náà dára, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ ilé wá."

Ọjọ́ Ajé, 18
Oníbàárà láti Àkúrẹ́ gbé ọṣẹ símú. Ojú rẹ̀ yí padà. "Dókítà, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?"
Àlàájì ń wò mí.
Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fà á símú dáadáa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.