Nítorí Tábìlì Rìbìtì Tí O Mú Mi Lọ

Òkè-Òyì,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Awwal ọmọ mi,

Sàlámù àlékùm. Mo kí ọ, mo kí Raudah ìyàwó rẹ, mo kí búrẹ́dì rẹ tó ń jáde nínú iná láìjóná. Ọlọ́hun á ṣọ́ gbogbo yín ní Adéwọlé níbẹ̀. Bí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, ara bàbá rẹ ti yá, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, àmọ́ èmi gan-an ni n kò gbádùn, ìpàdé tí o mú mi lọ ló sì fà á.

Láti ọjọ́ tí o ti ní kí n wá wo bí àwọn àgbà oníṣòwò Ìlọrin ṣe ń jókòó yí tábìlì ká láti fi ìmọ̀ ta ara wọn lọ́rẹ ni inú mi ti ń dùn. Nílé wa ńbí, bí èèyàn bá jókòó yíká, oúnjẹ ló máa ń wà láàárín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣí omi inú ike tí wọ́n gbé síwájú mi, tí mo fọ ọwọ́ ọ̀tún mi mọ́ tónítóní, tí mo sì ń retí. Bí o ṣe ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, mo rò pé sùúrù lo ní kí n ní. Wọ́n tilẹ̀ kọ orúkọ kálukú síwájú rẹ̀, àánú wọn sì ṣe mí, torí àgbà tó bá ti ń gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, ó yẹ kó fi òwò sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, mo tẹ́tí bí ẹni tó wà ní wàásí. Alhaji onífìlà pupa ní àṣírí òwò òun ni ìforítì. Hájíà tó ń ta ilẹ̀ ní àṣírí tòun ni kéèyàn máa wo iwájú. Ọkùnrin tó jókòó tì í ní oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́hun ni, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́. Mo wò títí, n kò rí èyí tí mo lè mú dé ìdí ìkòkò wàrà mi. Ìwọ nìkan lo sọ ohun tó yé mi. O sọ ibi tí o ti ń ra ìyẹ̀fun, o sọ bí o ṣe ń pò ó, o sọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń kó búrẹ́dì rẹ láràárọ̀. Orí mi wú! Alhaji onífìlà pupa pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ, ó tilẹ̀ ní kí o tún orúkọ oníyẹ̀fun náà dá. Mo ní, ọmọ mi ti dèèyàn.

Bí mo ṣe délé ni mo pe ìpàdé tèmi. Ìwọ náà mọ̀ pé àwa oníwàrà ẹ̀bá títì kì í sọ gáà Fúlàní tí kálukú ti ń gba omi ọmú màlúù. Ọmọ ẹni tàbí ìyàwó ọmọ ẹni la fi ń hàn. A kò ní tábìlì, a wá jókòó yí ọmọrí kànga ká, àwọn tó fẹ́ pọn omi sì ń bú wa. Màsúdát ní àṣírí tòun ni sùúrù. Àṣàbí ní àdúrà ìyá òun ni. Mo rẹ́rìn-ín wọn nínú, mo ní ará oko ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo wá ṣe é bíi tìrẹ. Mo ní gáà Jummai ni mo ti ń gbà á, pé mo máa ń bu abọ́ kán-ún kan lọ fún àwọn màlúù rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń tọ́jú omi ọmú tó fún kẹ́yìn, tó ki jù, pa mọ́ fún mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo gbádùn àtẹ́wọ́ yẹn, n kò ní purọ́.

Awwal, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ń mọ́ bọ̀, n kò tí ì kírun Sùbúhì tán, Màsúdát ti gbé odindi àpò kán-ún dé ọ̀dọ̀ Jummai. Jummai bẹ̀ mí o, ó ní kí n má bínú, àpò ju abọ́ lọ. Àtìgbà náà, èyí tó ṣàn bí omi òjò ni mò ń rí gbà. Wàrà mi kò dì mọ́, ó ń fọ́ mọ́ oníbàárà lọ́wọ́, àwọn awakọ̀ tó ń ti Jẹ́bà bọ̀ sì ń wò mí lójú kọjá lọ. Ó dùn mí dé egungun. Ogún ìyá mi ni mo fi ra àtẹ́wọ́.

Bàbá rẹ ní kí n má dá ọ lẹ́rù, àmọ́ Raudah pè mí lánàá. Ó ní Alhaji onífìlà pupa ti ṣí ilé búrẹ́dì sí òdìkejì tìrẹ, pé ilé ẹ̀kọ́ yẹn kò sì wá mọ́. Ó ní ìwọ kò bínú, pé ṣe lo ń múra láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìdí tábìlì lóṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n lè gbà ọ́ nímọ̀ràn. Ọmọ mi, mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ọ́. Bí wọ́n bá tún gbé ẹ̀rọ ọ̀rọ̀ sí ọ lẹ́nu, sọ pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́hun ni, kí o jókòó. Kì í kúkú ṣe irọ́.

Jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́ kí èmi náà lè ra àpò kán-ún, torí mo ti rí gáà mìíràn, tiwọn ki ju ti Jummai lọ. Má fi owó náà gba inú fóònù mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ti sán, kó má lọ jò dànù lọ́nà. Fi rán ẹni tó ní àpò.

Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí ìyẹ̀fun rẹ. Á dá ilé ẹ̀kọ́ yẹn padà fún ọ. Á jẹ́ kí Alhaji náà rí ṣe, àmọ́ kó jẹ́ ní Jẹ́bà.

Má bi mí léèrè orúkọ gáà náà o. Mo fẹ́ràn rẹ ju ẹ̀mí mi lọ, àmọ́ bí ẹ bá wálé ọdún, Raudah nìkan ni màá mú débẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rùkáyàt.