Ibùba Ẹja Tí O Fi Hàn Mí

Ojúlé Kejì, Via dei Gelsi,
Novara, Ítálì.
Ọjọ́ Keje, Oṣù Kejìlá, 2014.

Ashraf, ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Padua? Qaanitah ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Kí Ọlọ́hun bá wa wò wọ́n. Òtútù ti mú níbí. Ó di ọjọ́ mẹ́rin tí kùrukùru kò ti jẹ́ ká rí òdìkejì títì.

Ìdùnnú kọ́ ni mo fi ń kọ ìwé yìí. O ní tí wọ́n bá ṣí odò Sesia fún apẹja ní ìparí oṣù kejì, wàá wọ ọkọ̀ ojú irin wá, ká tún jọ wọ omi níbi òkúta mẹ́ta. Ashraf, kò sí ẹja níbẹ̀ mọ́. Èmi ni mo fà á.

Ọdún méjì gbáko lo fi rin etí odò yẹn kó o tó rí ibẹ̀. Ìwọ lo kọ́ mi pé ibi tí omi tútù bá ti wọlé láti inú kòtò oko, lẹ́yìn òkúta tí omi tó ń sáré ti ń pàdé èyí tó rọra ń lọ, ibẹ̀ ni àwọn ẹja trota ńláńlá máa ń lúgọ sí. O bẹ̀ mí kí n má fi han ẹnikẹ́ni. Mo ṣèlérí.

Ní oṣù kọkànlá, contratto mi, ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi ní magazzino, ilé ìkẹ́rù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kù díẹ̀ kó parí. Capo, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, rí fọ́tò ẹja tí èmi àtìwọ pa lórí fóònù mi. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Jùbrílù, mú mi débẹ̀, èmi náà á bá ọ rí sí contratto rẹ."

Fathiyyah ìyàwó mi ní kí n má dán an wò. Ó ní, "Ashraf fọkàn tán ọ." Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo mú un lọ.

Òfin ti ka ẹja pípa léèwọ̀ nígbà yẹn, torí àsìkò tí ẹja ń yé ẹyin ni. Mo rò pé ṣe ló kàn fẹ́ wò ó. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ síbẹ̀, mo bá òun àti ọkùnrin mẹ́ta nínú omi pẹ̀lú àwọ̀n. Àwọn abo ẹja wà nílẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n ń japoró, ẹyin ń dà lára wọn. Mo pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn padà!" Capo kò tilẹ̀ bínú. Ó ní, "Ta ló mú mi wá?"

Contratto náà kò dé. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni mò ń wọ odò lọ sísàlẹ̀, bóyá mo lè rí ibùba mìíràn fún ọ. Ẹrẹ̀ ni mò ń tẹ̀. Ẹja kéékèèké ni mò ń rí.

Lánàá mo lọ bá guardiapesca, àwọn tó ń ṣọ́ odò, mo ro ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Wọ́n bi mí pé ta ló júwe ibẹ̀ fáwọn èèyàn náà. Mo ní èmi ni. Wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀ pẹ̀lú ti capo àtàwọn tó bá a lọ. N kò tíì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí mi.

Bá mi kí Qaanitah. Fathiyyah ní kí n kí yín. Bí o bá bínú, bú mi lórí fóònù, mo máa gbé e. Má ṣáà dákẹ́ sí mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣẹ̀ ọ́,
Jùbrílù Adélaní.